Raspberry Pi yín ń pẹ́ jù nídìí update-initramfs? Ohun tó fà á, bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò, àti àtúnṣe tó wà ńbẹ̀

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ti pọ̀ jù lójú ewé yìí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìyẹn Raspberry Pi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn kan nínú yín ń fi wọ́n kọ́ Linux, àwọn kan ń fi wọ́n ṣe sáfà nínú ilé, àwọn míì sì ń fi wọ́n ṣọ́ kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ń lo ọ̀kan láti tọ́jú ẹ̀dà àwọn fọ́tò àti ìròyìn mi.

Wàhálà kan wà tó máa ń bá àwa tá à ń lò ó fínra. Ẹ ó tẹ sudo apt full-upgrade, gbogbo nǹkan á máa lọ geerege, àfi ìgbà tó bá dé orí ìlà yìí:

update-initramfs: Generating /boot/initrd.img-6.6.31+rpt-rpi-v8

Ó dúró nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìkejì kọjá, kò sọ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ Pi Zero lẹ ní, ẹ lè jáde lọ ra búrẹ́dì kẹ́ ẹ sì padà wá bá a níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ibẹ̀ làwọn kan ti máa ń bínú tẹ Ctrl+C, tàbí kí wọ́n kúkú fa wáyà yọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á yọ. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Àmọ́ pípẹ́ tó ń pẹ́ yẹn kì í ṣe nǹkan tó yẹ ká gbójú fò. Níbi tí wọ́n ti lè mú iná lọ nígbàkigbà, gbogbo ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ yìí bá fi gùn sí i jẹ́ ìṣẹ́jú tí iná lè lọ mọ́ ọn lórí. Bí iná bá sì lọ lásìkò tó ń kọ fáìlì tó máa fi jí, ó ṣeé ṣe kó má jí mọ́ tẹ́ ẹ bá tún tàn án. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́, ká wọ̀n ọ́n, ká wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti ibi tí kò léwu.

KÍ NI INITRAMFS GAN-AN?

Kernel ni ọkàn Linux. Tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, òun ló máa wá ibi tí ilé gan-an wà, ìyẹn káàdì tàbí disk tí gbogbo fáìlì yín wà. Nígbà míì, ilẹ̀kùn ilé yẹn wà ní títì: ó lè jẹ́ disk tí wọ́n fi LUKS tì pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì lè jẹ́ disk méjì tí wọ́n so pọ̀. Kernel á nílò irinṣẹ́ kó tó lè ṣí i. Àwọn irinṣẹ́ yẹn ni wọ́n kó sínú àpò kan, tí wọ́n fún un pọ̀, tí wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kernel. Àpò yẹn ni initramfs. Èmi á máa pè é ní àpò ìbẹ̀rẹ̀ kó lè rọrùn.

Lórí Debian, Ubuntu, Armbian àti Raspberry Pi OS, initramfs-tools ló sábà máa ń di àpò yìí. Fedora ń lo dracut ní tiẹ̀, Arch ń lo mkinitcpio, nítorí náà àwọn àṣẹ tí mo fẹ́ kọ síbí kò ní ṣiṣẹ́ lórí àwọn yẹn. Raspberry Pi OS Bookworm, èyí tí wọ́n gbé jáde ní October 2023 lórí Debian 12, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ìgbà tó dé ni ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlà òkè yẹn.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú dídi àpò kan. Àkọ́kọ́, ó máa kó àwọn module kernel àtàwọn irinṣẹ́ jọ sínú fólídà onígbà díẹ̀ kan ní /var/tmp. Ìkejì, ó máa fún gbogbo ẹ̀ pọ̀ di fáìlì kan ṣoṣo. Ìkẹta, ó máa kọ fáìlì yẹn sí /boot, lẹ́yìn náà wọ́n á tún da ẹ̀dà ẹ̀ kọ sí /boot/firmware, torí ibẹ̀ ni Pi ti máa ń ka nǹkan nígbà tó bá ń jí. Ẹ wò ó dáadáa: káàdì ló ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkẹta, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn CPU, ló ń ṣe ìkejì. Ibi tí ìwádìí wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

OHUN TÓ Ń JẸ́ KÓ PẸ́

Àpò kan ṣoṣo kọ́ ló ń dì. Lórí Bookworm oní-64-bit, oríṣi kernel méjì ló wà lórí káàdì: rpi-v8 fún Pi 3, Pi 4 àti Zero 2 W, àti rpi-2712 fún Pi 5. Wọ́n kó méjèèjì síbẹ̀ kí káàdì kan náà lè ṣiṣẹ́ nínú Pi yòówù kẹ́ ẹ kì í bọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ̀yà tuntun bá dé, tí ti àtijọ́ ṣì wà ńlẹ̀, oríṣi 2 lọ́nà ẹ̀yà 2 ti di àpò 4. Bí ètò yín bá sì wà lórí update_initramfs=all, gbogbo àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa tún dì nígbàkúùgbà tí package kan bá ní kó tún un ṣe.

Ẹrù inú àpò náà lè pọ̀ jù. Bí wọ́n bá kọ MODULES=most, ó máa kó ọ̀pọ̀ jù lọ module tí kọ̀ǹpútà kankan lè nílò láti jí, yálà Pi yín ní ohun èlò yẹn tàbí kò ní.

Ìfúnpọ̀ lè le jù. zstd ní ìpele láti 1 dé 19. Bí ìpele bá ṣe ń ga sí i ni fáìlì ń kéré sí i, tí CPU sì ń làágùn sí i. Kọ̀ǹpútà ńlá kì í mọ̀ ọ́n lára. Pi Zero àkọ́kọ́ ní CPU oníkóòrù kan ṣoṣo tó ń sáré ní 1 GHz, pẹ̀lú RAM 512 MB. Òun máa mọ̀ ọ́n lára dáadáa.

Èyí tó kẹ́yìn ni ara kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀: káàdì tó ti gbó tàbí tó jẹ́ ayédèrú, ṣájà tí kò gbé iná tó, àti ooru.

BẸ́ Ẹ ṢE MÁA YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Ẹ kọ́kọ́ ka iye àpò tó wà ńlẹ̀:

uname -r
ls -lh /boot/initrd.img-*

Àṣẹ àkọ́kọ́ á sọ kernel tẹ́ ẹ ń lò lọ́wọ́ fún yín. Ìkejì á kó gbogbo àpò síta pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tóbi tó. Tẹ́ ẹ bá rí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti rí ìdí kan nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àkókò tí àpò kan ṣoṣo ń gbà:

sudo -v
time sudo update-initramfs -u -k $(uname -r)

Mo fi sudo -v ṣáájú kó lè gba ọ̀rọ̀ aṣínà yín kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá parí, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́ta. real ni àkókò tí aago ara ògiri kà. user àti sys ni àkókò tí CPU fi ṣiṣẹ́ gan-an. Bí user bá sún mọ́ real, tàbí tó tiẹ̀ jù ú lọ torí pé kóòrù mẹ́rin jọ ń ṣiṣẹ́, CPU ló ń jìyà. Ìfúnpọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ tún ṣe. Bí user àti sys pa pọ̀ bá kéré gan-an sí real, CPU kàn jókòó ń retí káàdì ni. Ẹ rí i pé ìwọ̀n yìí nìkan ti tó láti sọ ibi tẹ́ ẹ máa kọjú sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ṣí ojú tẹ́mínà kejì nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ, kẹ́ ẹ tẹ:

vmstat 1

Ẹ wo òpó tí wọ́n kọ wa sí lórí. Bí nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀ bá ga, tó sì dúró síbẹ̀, káàdì ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ wo si àti so náà. Tí wọn ò bá kúrò lórí nọ́ńbà ńlá, RAM ti kún, ó ti ń fi káàdì ṣe RAM, ìyẹn swap. Kò sí bí ìyẹn ò ṣe ní pẹ́.

Ó wá kan iná àti ooru. Àwọn àṣẹ yìí wà lórí Raspberry Pi OS:

vcgencmd get_throttled
vcgencmd measure_temp

Tí ti àkọ́kọ́ bá dáhùn 0x0, ara le. Tẹ́ ẹ bá rí 0x50000, ó túmọ̀ sí pé láti ìgbà tẹ́ ẹ ti tàn án, iná ti rẹlẹ̀ rí, wọ́n sì ti dín eré CPU kù nítorí ẹ̀. 0x50005 ní tiẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Iná tó bá sọ̀ kalẹ̀ ju 4.63 V lọ ni Pi máa ń kà sí iná tó rẹlẹ̀. Àwọn ìdílé Zero ò ní ohun tó ń wọn iná yìí nínú, nítorí náà 0x0 lórí Zero kò fi hàn pé ṣájà yín dára. Ní ti ooru, tó bá ti dé 80°C, CPU á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ eré kó má bàa jóná.

Paríparí ẹ̀, ẹ wo ètò tó wà ńlẹ̀ àti iye ẹrù inú àpò:

grep -rE '^(MODULES|COMPRESS|COMPRESSLEVEL)=' /etc/initramfs-tools/
grep update_initramfs /etc/initramfs-tools/update-initramfs.conf
lsinitramfs /boot/initrd.img-$(uname -r) | wc -l

Mo ní kẹ́ ẹ wá a nínú gbogbo fólídà náà torí pé fáìlì inú conf.d máa ń borí ohun tó wà nínú initramfs.conf. Ẹlòmíì á yí ti initramfs.conf padà títí, kò ní rí ìyàtọ̀, torí fáìlì kékeré kan nínú conf.d ti sọ nǹkan míì.

KÁ TÓ FỌWỌ́ KAN NǸKAN KAN

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ da ẹ̀dà kernel àti àpò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sílẹ̀. Fún Pi 3, Pi 4 àti Zero 2 W tó ń lo 64-bit:

df -h /boot/firmware
sudo cp /boot/firmware/kernel8.img /boot/firmware/kernel8.img.bak
sudo cp /boot/firmware/initramfs8 /boot/firmware/initramfs8.bak

Lórí Pi 5, orúkọ wọn ni kernel_2712.img àti initramfs_2712. Méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ dà, ẹ má da ẹyọ kan, torí àpò kernel kan kì í bá kernel míì mu. df yẹn á sọ fún yín bóyá àyè ṣì wà. Tí kò bá sí àyè, ẹ dà á sínú kọ̀ǹpútà míì.

Tó bá jẹ́ pé SSH lẹ fi wọlé, ẹ tẹ tmux kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, iṣẹ́ á ṣì máa lọ. Tẹ́ ẹ bá padà wọlé, ẹ tẹ tmux attach, ẹ ó bá a níbẹ̀.

ÀTÚNṢE, LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN

1. Iná àti ooru ló ṣáájú. Pi 4 fẹ́ ṣájà 5.1 V tó lè gbé 3 A, Pi 5 fẹ́ èyí tó lè gbé 5 A. Ṣájà fóònù àtijọ́ ò lè ṣe é. Wáyà tín-ín-rín náà ń jẹ iná lójú ọ̀nà. Ẹ fi irin tútù lé CPU lórí, tàbí fáànù kékeré. Tẹ́ ẹ bá sì ní UPS tàbí bátìrì, orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé Pi sí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe upgrade, kó sì ti kún dáadáa.

2. Ẹ dín iye àpò kù. Èyí ló ń mú èrè wá jù, kò sì ba nǹkan kan jẹ́ tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀yà àtijọ́ tí kò wúlò mọ́ kúrò:

sudo apt autoremove --purge

Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá dá yín lójú pé káàdì yìí ò ní wọ inú Pi 5 láé, ẹ yọ oríṣi kernel ẹ̀ kúrò:

sudo apt purge 'linux-image-*rpi-2712'

apt á kó orúkọ gbogbo ohun tó fẹ́ yọ síta kó tó béèrè Y. Ẹ kà á. Bí orúkọ tí uname -r sọ fún yín bá wà nínú wọn, ẹ tẹ n kíá. Pi 5 lẹ ń lò, kò sì yẹ kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ fi ẹ̀yà àtijọ́ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kẹ́ ẹ lè ríbi sá sí bí tuntun bá kọṣẹ́. Àpò mẹ́rin ti di méjì nìyẹn, ìdajì iṣẹ́ ti lọ.

3. Ẹ dín ìfúnpọ̀ kù, tí time bá ti sọ fún yín pé CPU ló ń jìyà:

echo 'COMPRESS=zstd' | sudo tee /etc/initramfs-tools/conf.d/funpo
echo 'COMPRESSLEVEL=1' | sudo tee -a /etc/initramfs-tools/conf.d/funpo

Ẹ tún àṣẹ time yẹn tẹ̀, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tuntun wé ti àtijọ́. Àpò á tóbi díẹ̀ sí i, nítorí náà ẹ tún wo df -h /boot/firmware. Tẹ́ ò bá fẹ́ràn ẹ̀, ẹ pa fáìlì funpo rẹ́, gbogbo ẹ̀ á padà sí bó ṣe wà.

4. Ẹ tún ọ̀rọ̀ káàdì rò, tí time bá sọ pé ìdúró ló pọ̀. Ẹ wo àmì A1 tàbí A2 lára káàdì. Òfin àwọn tó ń ṣètò káàdì SD ni pé A1 gbọ́dọ̀ lè ka nǹkan kéékèèké 1500 ìgbà, kó sì kọ wọ́n ní 500 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A2, kíkà 4000, kíkọ 2000. Káàdì tí kò ní àmì kankan ò ṣèlérí nǹkan kan fún yín. Lórí Pi 4 àti Pi 5, SSD tẹ́ ẹ bá ki bọ ihò USB 3 aláwọ̀ búlúù máa ń ya káàdì sílẹ̀ pátápátá. Tẹ́ ò bá tíì lówó ẹ̀, tí RAM yín sì tó 2 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè ní kó kó ẹrù jọ sínú RAM dípò káàdì:

sudo env TMPDIR=/dev/shm update-initramfs -u -k $(uname -r)

Ẹ má dán èyí wò lórí ẹ̀rọ tí RAM ẹ̀ jẹ́ 512 MB.

5. MODULES=dep ló kẹ́yìn, ó sì nídìí tí mo fi gbé e sẹ́yìn. Ó máa ń jẹ́ kí ètò yẹn wo ara Pi yín, kó wá kó kìkì module tó rí pé ẹ̀rọ yẹn ń lò. Àpò á fúyẹ́ gan-an. Àmọ́ àpò tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀rọ kan lára nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá yọ káàdì sínú Pi míì, tàbí tẹ́ ẹ gbé ilé kúrò lórí káàdì lọ sórí SSD, ó lè má jí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní gbé e kiri ni kó lò ó, kó sì rántí dá a padà sí most, kó tún àpò dì, kó tó ṣí lọ síbòmíì.

Ohun kan wà tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀: kíkọ update_initramfs=no. Òótọ́ ni pé ariwo á dákẹ́. Àmọ́ yàtọ̀ sí ìgbà tí kernel tuntun bá wọlé, àpò yín ò ní gba àtúnṣe kankan mọ́. Bí wọ́n bá tún irinṣẹ́ tó ń ṣí disk yín ṣe, ti àtijọ́ ni àpò á ṣì máa gbé kiri. Ẹ̀yin sì lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ò ní ṣí.

TÍ INÁ BÁ TI LỌ LÉ E LÓRÍ Ń KỌ́?

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ètò yìí máa ń kọ àpò tuntun sínú fáìlì tó parí sí .new ná, kó tó fi rọ́pò ti àtijọ́ ní /boot. Nítorí náà, tó bá jẹ́ àárín iṣẹ́ ni iná lọ, ó ṣeé ṣe kí ti àtijọ́ ṣì wà ní pípé. Ibi tó léwu jù ni dída ẹ̀dà kọ sí /boot/firmware, torí FAT ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀, FAT kì í sì í ní àkọsílẹ̀ tó lè fi tún ara ẹ̀ ṣe bí ext4 ti ní.

Bí Pi bá ṣì jí, ẹ parí iṣẹ́ tó kù:

sudo dpkg --configure -a
sudo update-initramfs -u -k all

Bí kò bá jí, ẹ yọ káàdì, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà míì, kódà kó jẹ́ Windows. Ẹ ó rí apá FAT yẹn. Ẹ ṣí config.txt, ẹ wá auto_initramfs=1, ẹ sọ ọ́ di auto_initramfs=0. Tí káàdì yín bá jẹ́ ext4 lásán tẹ́ ò fi nǹkan kan tì, kernel Raspberry Pi ti ní ohun tó máa fi ṣí i nínú ara ẹ̀. Á jí láìsí àpò. Tó bá ti jí, ẹ tẹ àṣẹ méjì òkè yẹn, kẹ́ ẹ dá 1 padà.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi LUKS ti disk yín pa, ọgbọ́n yìí ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀dà .bak tẹ́ ẹ dà sílẹ̀ ló máa gbà yín. Ẹ pa kernel àti àpò tó bàjẹ́ rẹ́, kẹ́ ẹ yọ .bak kúrò lórúkọ àwọn tó wà ńlẹ̀, kẹ́ ẹ dá káàdì padà.

Tẹ́ ò bá lè rántí gbogbo ẹ̀, ẹ mú èyí lọ: ẹ kà, ẹ wọ̀n, ẹ da ẹ̀dà sílẹ̀, ẹ wá tún ọ̀kan ṣe lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì tún un wọ̀n kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí òmíì. Ẹni tó bá yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan náà ò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n mú iná lọ mọ́ yín lórí o.